Èéhù Inú Ẹ̀pà: Ta Ni Aspergillus flavus, Kí Ló sì Ń Wá Nínú Kúlíkúlí Wa?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú kékè, ẹ̀yin tí ẹ ń fọṣọ lọ́wọ́, àti ẹ̀yin tí dátà yín kò tó nǹkan tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ wa dípò kí ẹ gbọ́ ọ, gbogbo yín ni mo kí. Challenge níbí ní Ìlọrin ni mo wà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀pà la máa sọ lónìí, ẹ̀pà yíyan tí gbogbo wa ń jẹ, ẹ má sì tíì sá lọ, torí ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀dọ̀ yín.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ra ẹ̀pà yíyan lẹ́bàá títì ní Challenge. Mò ń jẹ ẹ́ lọ, mò ń tẹ fóònù. Ó kù díẹ̀ kó tán ni mo bá jẹ ọ̀kan tó korò bí ewúro. Mo tu ú dànù. Mo tan iná fóònù sí ìyókù ọwọ́ mi, mo sì rí ọ̀kan mìíràn tó ti hunjọ, tí nǹkan kan bí àtíkè aláwọ̀ ewé wà nínú àlàfo àárín rẹ̀.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni abọ́ kẹta.

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ẹ̀pà ni màmá mi ń yan tà, òun ló sì ń tà títí dòní. Ní gbogbo Sátidé, èmi àti àbúrò mi la máa ń ṣa ẹ̀pà lórí àtẹ. Abọ́ mẹ́ta ló máa ń wà níwájú wa. Àkọ́kọ́ wà fún èyí tó dára. Ìkejì wà fún èyí tó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìkẹta wà fún èyí tó hunjọ, èyí tó dúdú, àti èyí tó ti bu. Èmi rò pé a máa da abọ́ kẹta nù ni. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, obìnrin kan máa ń wá rà á lówó pọ́ọ́kú. Lọ́jọ́ kan mo bi màmá mi pé, "Mọ́mì, kí ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe?" Wọ́n ní, "Wọ́n ń lọ̀ ọ́ ni. Tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ tán, ta ló máa mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí a tú wò lónìí. Ta ló máa mọ̀?

Èéhù kì í ṣe ewéko

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní èéhù. Òun ni ẹ máa ń rí lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ nínú ọ̀rá, tí ẹ fi ń sọ pé ó ti bu. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti ń kà á mọ́ ewéko, nítorí pé kì í rìn, ó sì ń hù. Lọ́dún 1969, Robert Whittaker, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, pín gbogbo ohun ẹlẹ́mìí sí ìjọba márùn-ún, ó sì fún èéhù, olú àti ìwúkàrà ní ìjọba tiwọn. Fungi ni orúkọ ìjọba yẹn.

Kí ló mú wọn yàtọ̀? Ewéko ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ ara rẹ̀. Èéhù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa èèyàn ń jẹun kí oúnjẹ tó dà nínú wa. Ti èéhù kọ̀ yàtọ̀ pátápátá: ìta ló ti ń da oúnjẹ rẹ̀. Ó máa ń da omi ara rẹ̀ sórí oúnjẹ, omi náà á yọ́ oúnjẹ ọ̀hún, èéhù á wá fà á mu. Ìdí nìyẹn tí ohun tó bá ti bu fi máa ń rọ̀ tàbí kó hunjọ. Ẹnì kan ti ń jẹ ẹ́ ṣáájú yín.

Èyí tó máa yà yín lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n yẹ DNA wò, wọ́n rí i pé ìjọba olú àti èéhù súnmọ́ àwa àti ẹranko ju bó ṣe súnmọ́ ewéko lọ. Kódà, ohun tí wọ́n ń pè ní chitin, tó mú kí èèpo ara akàn àti ti aáyán le, wà nínú ògiri ara èéhù náà.

Bó ṣe gba orúkọ

Èéhù tó wà nínú ẹ̀pà mi yẹn, bí ó bá jẹ́ ẹni tí mo fura sí, Aspergillus flavus ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà le lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ní ìtàn.

Lọ́dún 1729, ará Ítálì kan, Pietro Antonio Micheli, tó ń gbé ní Florence, fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo èéhù. Ó rí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dúró ṣánṣán, tó ní orí róbótó, tí ohun wínníwínní sì tò yí orí náà ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó jọ ohun tí àwọn fadá Kátólíìkì fi ń wọ́n omi mímọ́ lára lójú rẹ̀. Aspergillum ni wọ́n ń pe ohun ìwọ́nmi náà ní èdè Látìn, bó ṣe sọ èéhù náà ní Aspergillus nìyẹn. Ní 1809, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Heinrich Link wá ṣàpèjúwe èyí tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè díẹ̀, tó sì tún fẹ́ jọ ewé. Ó pè é ní flavus. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní Látìn ni aláwọ̀ ìyeyè.

Torí náà, Aspergillus ni orúkọ ìdílé, flavus ni orúkọ àbísọ. Ọmọ ìdílé yìí pọ̀, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó ń gbé láàrin ohun ẹlẹ́mìí, ẹ ṣe é bí ẹni tó ń júwe ilé fún ọlọ́kadà. Ẹ máa sọ pé Nàìjíríà, lẹ́yìn náà Kwara, lẹ́yìn náà Ìlọrin, lẹ́yìn náà Challenge, kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Ti èéhù yìí náà rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba rẹ̀ ni Fungi. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀ka Ascomycota, àwọn tó ń kó irúgbìn sínú àpò kékeré tí akọ àti abo wọn bá pàdé. Lábẹ́ ìyẹn ni Eurotiales, níbi tí Penicillium tí wọ́n ti rí oògùn penicillin wà pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Aspergillus, lẹ́yìn náà ni agboolé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Flavi, kí a tó kan ilẹ̀kùn flavus gangan.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀. Fún igba ọdún, kò sẹ́ni tó rí i kí akọ àti abo èéhù yìí pàdé. Gbogbo èèyàn rò pé ó kàn ń da ara rẹ̀ kọ ni. Ọdún 2009 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti mú oríṣi méjì tó bára mu pàdé nínú ilé ìwádìí, àwọn sì rí irúgbìn tó jáde lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Láyé ìgbà yẹn, òfin gbà kí èéhù kan ní orúkọ méjì, ọ̀kan fún ìgbà tó bá dá wà, ọ̀kan fún ìgbà tó bá ní ẹnì kejì. Ní 2011, ìpàdé àgbáyé kan ní Melbourne fòpin sí ìyẹn: èéhù kan, orúkọ kan. Aspergillus ló borí.

Bó ṣe ń wọ inú ẹ̀pà

Inú ilẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ewé jíjẹrà àti pòròpórò àgbàdo ni oúnjẹ rẹ̀, àti pé iṣẹ́ rere ló ń ṣe níbẹ̀, torí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sọ pàǹtírí di ilẹ̀dú. Bí ọ̀dá bá dé, ó lè ká ara rẹ̀ jọ di kóró líle dúdú kan, kó sùn sínú ilẹ̀ títí òjò á fi dé. Bí ara bá sì tù ú, ó máa ń tú irúgbìn rẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Àtíkè tí mo rí nínú ẹ̀pà mi yẹn, irúgbìn ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló sì wà nínú ìwọ̀nba tí ìka lè fọwọ́ kàn.

Ẹ wá wo ẹ̀pà. Òkè ló ti ń tanná, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ló ti ń so. Ìyẹn ni pé ọmọ ẹ̀pà ń dàgbà nínú yàrá èéhù gan-an. Tí òjò bá dáwọ́ dúró kí ẹ̀pà tó gbó, agbára ẹ̀pà láti gbèjà ara rẹ̀ á dín kù, èèpo rẹ̀ lè sán. Tí ikán tàbí kòkòrò bá tún lu èèpo náà, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Ooru tó lé ní 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni èéhù yìí fẹ́ràn jù, ojú ọjọ́ tiwa gẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn ìkórè, omi inú ẹ̀pà ló kù tó máa pinnu. Tí omi inú ẹ̀pà bóbó bá wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú 100, èéhù kò ní lè ṣe ohunkóhun. Ti àgbàdo jẹ́ nǹkan bí 13. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sá a sórí ilẹ̀ lásán, tí òjò pa á, tàbí tí wọ́n dì í sínú àpò nígbà tó ṣì tutù, tí wọ́n wá tò ó jọ sínú ọkọ̀ láti òkè ọya wá sí ọjà Ìpata, ó ti di ilé ayọ̀ fún èéhù.

Oró tí kò lóòórùn

Lọ́dún 1960, tòlótòló bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lé ní 100,000 tó kú láàrin oṣù díẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń pa wọ́n, wọ́n sì pe àrùn náà ní "Turkey X", nítorí pé X ni wọ́n máa ń fi dúró fún ohun tí a kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀ dé ìdí, oúnjẹ wọn ni: èérún ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti Brazil. Aspergillus flavus wà nínú rẹ̀, ó sì ti tu oró kan síbẹ̀. Wọ́n mú A láti ara Aspergillus, wọ́n mú fla láti ara flavus, wọ́n fi toxin tó túmọ̀ sí oró kún un. Aflatoxin nìyẹn.

Oríṣi rẹ̀ tó burú jù ni B1. B yẹn dúró fún àwọ̀ búlúù, torí pé bó ṣe máa ń tàn nìyẹn tí wọ́n bá tan iná UV sí i nínú ilé ìwádìí. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí i, kò lóòórùn. Kíkorò tí mo gbọ́ lẹ́nu yẹn, ẹ̀pà tó ti bàjẹ́ ló ń korò, kì í ṣe oró náà. Ìyẹn ni pé ẹ̀pà tó dùn náà lè ní in.

Ẹ máa sọ pé, "Ṣebí wọ́n ti yan án nínú iná." Omi ń hó ní 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òróró tí a fi ń dín kúlíkúlí sábà máa ń wà ní nǹkan bí 180. Oró yìí máa ń fara da ooru tó lé ní 230. Yíyan lè dín in kù díẹ̀. Iná pa èéhù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí èéhù ti tu sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó dà bí kí ẹ lé olè jáde lẹ́yìn tó ti kó ẹrù lọ.

Ẹ̀dọ̀ ló ń gba oró yìí sára. Ẹ̀dọ̀ fẹ́ tú u palẹ̀ bó ṣe ń tú ohun mìíràn palẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń tú u ló ti ń sọ ọ́ di ohun tó máa ń lẹ̀ mọ́ DNA wa. Tó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè pani láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ní Kenya lọ́dún 2004, àgbàdo tó bu ni àwọn ará abúlé jẹ: èèyàn 317 ló ṣàìsàn, 125 ló kú. Tó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló máa ń fà. Àwọn tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi í sí ìpele kìíní, níbi tí sìgá wà. Tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ bá tún ní àrùn hẹpatáítì B lára, ewu náà lè di ìlọ́po 30.

Ìwọ̀n wo ló wá pọ̀ jù? Amẹ́ríkà ní kó má kọjá 20 nínú bílíọ̀nù kan. Ìyẹn túmọ̀ sí gíráàmù kan nínú tọ́ọ̀nù 50 oúnjẹ. Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù le jù bẹ́ẹ̀ lọ: 4 péré ni wọ́n gbà fún ẹ̀pà tí èèyàn máa jẹ bẹ́ẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ abọ́ kẹta ti wọlé. Oró yìí kì í pín déédéé. Nínú àpò ẹ̀pà kan, kóró díẹ̀ ló máa ń kó èyí tó pọ̀ jù sára, tí ìyókù á mọ́. Nítorí náà, ṣíṣa ẹ̀pà tí èmi àti àbúrò mi ń ṣe lórí àtẹ, iṣẹ́ ńlá ni. A ń yọ oró kúrò láìmọ̀. Ṣùgbọ́n inú abọ́ kẹta la ń kó o jọ sí. Ẹni tó rà á á lọ̀ ọ́, á pò ó mọ́ èyí tó dára, á fi dín kúlíkúlí, á tà á fún ọmọ iléèwé tó fẹ́ fi mu gàrí. Bí wọ́n bá sì fún adìyẹ tàbí màlúù jẹ, ọ̀rọ̀ kò tíì tán, torí oró náà máa ń jáde nínú wàrà màlúù, M1 ni orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ mọ bí a ṣe fẹ́ràn wàrà tó.

Ọmọ ìyá tó dára

Ẹ má tíì kórìíra gbogbo ìdílé náà. Ẹ rántí pé mo ní orúkọ àbísọ ni flavus. Orúkọ kì í sọ gbogbo ìwà. Ní ilẹ̀ Japan, èéhù kan wà tó ń jẹ́ Aspergillus oryzae. Òun ni wọ́n fi ń ṣe sọ́ọ̀sì sóyà, irú èyí tí wọ́n ń dà sí ìrẹsì díndín. Nígbà tí wọ́n yẹ DNA rẹ̀ wò, flavus ni, àfi pé àwọn èèyàn ti ń sìn ín fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún bí ẹni ń sin adìyẹ, tí kò fi tu oró mọ́.

Kódà láàrin flavus tó wà nínú ilẹ̀ wa níbí, àwọn kan ń tu oró, àwọn kan kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Orúkọ kan náà, ojú kan náà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ní IITA ní Ìbàdàn lò nìyẹn. Àwọn àti ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà wá àwọn flavus tí kò ní oró nínú ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n mú mẹ́rin, wọ́n fi wọ́n pa ọkà bàbà tí wọ́n ti yan kó má baà hù mọ́. Aflasafe ni wọ́n pè é. Àgbẹ̀ á fọ́n kílò 10 sí hẹ́kítà kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ohun ọ̀gbìn tó tanná. Àwọn ọmọlúàbí á ti gba àyè kí àwọn jàgùdà tó dé. Ó lè dín oró náà kù ní ìdá 80 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. NAFDAC fọwọ́ sí i lọ́dún 2014.

Nítòsí wa níbí náà, ní ojú ọ̀nà Asa Dam, ni olú ilé iṣẹ́ NSPRI wà, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú irè oko. Ọ̀pọ̀ wa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láìmọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Gbígbẹ àti títọ́jú oúnjẹ kó má bu wà lára iṣẹ́ wọn.

Kí ni ká wá ṣe?

Ẹ̀pà tó bá korò, ẹ tu ú dànù, ẹ má gbé e mì nítorí ojú. Ẹ wo ẹ̀pà kí ẹ tó jù ú sẹ́nu, ẹ yọ èyí tó hunjọ, tó dúdú tàbí tó lárùn-ún lára. Tí ẹ bá fẹ́ lọ ẹ̀pà tàbí àgbàdo fún ògì ọmọ, ẹ ra oníhóró, ẹ ṣà á fúnra yín kí ẹ tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú ọ̀rá tó ń làágùn. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé tó ń dáko pé kí wọ́n máa sá irè sórí tapólì. Kí ẹ sì lọ ṣe àyẹ̀wò hẹpatáítì B. Tí ẹ kò bá ní in, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà.

Mo pe màmá mi lọ́jọ́rú, mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọdún mélòó ni mo ti ń ta abọ́ yẹn?" Mo ní, "Mọ́mì, ẹ kò mọ̀." Wọ́n ní, "Owó ẹ̀ ni mo fi ń ra èédú." N kò rí èsì fọ̀. Èmi tí mo wà nínú fáànù, tí mò ń ka ìwé lórí fóònù, mo ti gbàgbé pé abọ́ kẹta lówó lórí. Mo ní màá máa fi owó èédú ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní ká máa wò ó.

Àná ni wọ́n pè mí. Wọ́n ti gbẹ́ ihò sẹ́yìnkùlé, wọ́n sin ín. Obìnrin náà wá, kò bá a, ó sì gba ọ̀dọ̀ ẹlẹ́pà mìíràn lọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ kò tíì tán. Tí ẹ bá ní ìyá, àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń ta ẹ̀pà, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ fún wọn pé kí wọ́n da abọ́ kẹta nù, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé èló ni wọ́n ń tà á.

Èmi ni ẹni yín. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń jẹ o.